Òróòro Alápatà

Liverpool,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Àsàláámù àléékúm. Mo kí yín, mo kí Màámi, mo kí gbogbo ará odò ẹran lápapọ̀. Ara mi le níbí. Àwọn ará ìlú yìí ní ooru ti dé, àmọ́ súwẹ́tà méjì ló wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ẹ ní fóònù kì í jẹ́ kéèyàn parí gbólóhùn kan, àti pé Màámi a máa dáhùn ìbéèrè tí wọn ò bi wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo sì ń ya á ní fọ́tò sórí Wásáàpù gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pàṣẹ. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rí mi níjọ́sí, wọ́n bi mí bóyá fóònù mi ti bàjẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ àgbò Iléyá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má bínú sí mi o. Nígbà tí mo fi fọ́tò èyí tí ẹ pa lọ́dún tó kọjá han àwọn ọ̀rẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ṣé ewúrẹ́ ni. Ẹ̀yin Mùyídéènì alápatà, tí gbogbo Òṣogbo mọ̀! Ó dùn mí wọra. Lọ́dún yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ wá èyí tó tóbi gidi, tí ìwo rẹ̀ lọ́ bó ṣe yẹ kó lọ́, tí àwọn ará àdúgbò á dúró wò. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ jẹ alága ẹgbẹ́ alápatà? Kò yẹ kí Waliyullah tí ẹ jọ ń du ipò ní àgbò tó ju tiyín lọ.

Bó bá ti dé, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ọmọ yín,
Salmah.


Òṣogbo,
31/5/2025.

Salmah, ọmọ Àpìkẹ́,

Wàáléékúmù sàláámù. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi lo kọ ọ́ sí lóòótọ́. Ogójì ọdún ni mo ti ń pa ẹran. Ọmọ tí mo tìdí ẹran rán níwèé ló wá ń kọ́ mi bí àgbò ṣe ń tóbi. O ṣeun.

Àgbò ti dé. Láti Òkè Ọya ni wọ́n ti kó o wá, ọjọ́ Wẹ́sìdeè ló wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ni mo so ó mọ́. Bó o ṣe fẹ́ ẹ gan-an ló rí: ìwo rẹ̀ lọ́ po, àyà rẹ̀ sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. Ìyá rẹ ò jẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mi ò tíì rí i yà ní fọ́tò, torí kì í dúró jẹ́ẹ́.

Ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ dá. Ibà ni. Ó mú mi lábẹ́ ìhà ọ̀tún, àmọ́ kò tó nǹkan. Má sọ fún ìyá rẹ pé mo sọ fún ẹ o. Ó ti ń wò mí lójú jù láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, bí ẹni pé mo jí nǹkan rẹ̀.

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni ìbò ẹgbẹ́. Waliyullah ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Èmi ò bọ ẹnì kankan lọ́wọ́. Ohun tí mo sọ ní ìpàdé ni pé ẹni tó máa jẹ alága alápatà, ẹran gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Bàbá rẹ,
Mùyídéènì.


Liverpool,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà.

Bàbá mi,

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ibà wo ló ń mú èèyàn lábẹ́ ìhà? Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ má kàn máa gbé oògùn mì. Ẹ sì dín ata kù. Ó dà bíi pé ìpolongo ìbò yìí ti pọ̀ jù fún yín.

Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o, Bàbá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Bí nǹkan kékeré bá ṣe yín, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Ṣé ẹ rántí ọdún tí ọ̀bẹ gé yín níka, tí ẹ pè wá jọ, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pín bàtà yín fún wa bí ogún? Torí náà, ibà tí ẹ ní kò tó nǹkan yìí, mo gbà pé kò tó nǹkan lóòótọ́.

Mo ṣì ń retí fọ́tò àgbò.

Salmah.


Òṣogbo,
10/6/2025.

Salmah,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún lọ dáadáa. Kẹ́míìsì fún mi lóògùn ibà, ara mi yá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo tiẹ̀ ti gbàgbé pé nǹkan kan ṣe mí. O rí i pé mi ò pín bàtà.

Èmi fúnra mi ni mo pa àgbò yẹn. Àwọn èèyàn ní kí n jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi pa á, mo kọ̀. Èmi àti ẹran yẹn wo ara wa fún ìgbà díẹ̀ kí n tó mú ọ̀bẹ. Nígbà tí mo dé ìdí ẹ̀dọ̀ rẹ̀, mo yọ òróòro rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yọ ẹyin lábẹ́ àgbébọ̀. Ẹ̀kán kan ò ta sílẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé bí òróòro bá bẹ́ sínú ẹran, ẹran bàjẹ́ nìyẹn, kò sí omi tó lè fọ ìkorò rẹ̀. Waliyullah wà níbẹ̀. Ó ní, "Alhaji, ọwọ́ yín ṣì mọ́." Inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kejì ọdún ni inú ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Oúnjẹ ò lọ, èébì ń gbé mi. Ìtọ̀ mi dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Ìyá rẹ fà mí lọ sí ibì kan níbí láti ya sìkáànì. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan tó ṣe gúnmọ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìwọ tó jẹ́ pé iṣẹ́ sìkáànì lò ń ṣe, kí lo rí sí i?

Mùyídéènì.


Liverpool,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà.

Bàbá mi,

Orí mi gbóná nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Ẹ ń ròyìn òróòro àgbò fún mi ní ojú ìwé kan gbáko, ẹ wá fi ìtọ̀ dúdú há igun ìwé!

Ẹ dá mi lóhùn ní ṣókí. Ṣé ẹ jẹun kí ẹ tó lọ ya sìkáànì? Ṣé ẹ mu àgbo? Báwo ni ẹyinjú yín ṣe rí? Ẹ fi fọ́tò ojú yín ránṣẹ́, kì í ṣe ti àgbò mọ́. Ohun tó ń sọ sí mi lọ́kàn ni pé ó lè jẹ́ òkúta ló wà nínú òróòro tiyín. Ọ̀rá ẹran máa ń fa irú ẹ̀. Láti òní lọ, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rá, kò gbọdọ̀ sí ṣàkì, kò gbọdọ̀ sí ata. Kí ẹ padà lọ ya sìkáànì mìíràn, kí ẹ sì ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe.

Màámi náà ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń wò yín. Kí ni wọ́n ń ṣe?

Salmah.


Òṣogbo,
13/6/2025.

Salmah,

Àkàrà mẹ́rin ni mo jẹ, pẹ̀lú ògì. Wọ́n ti ní kí n má jẹun, àmọ́ ṣé ebi ló máa jẹ́ kí wọ́n rí inú mi ni? Wọ́n bi mí bóyá mo jẹun, mo ní rárá. Wọ́n bi mí bóyá mo ṣubú, tàbí bóyá nǹkan gbá mi níkùn, mo ní rárá. Ìbéèrè ọlọ́kadà nìyẹn. Èmi kì í gun ọ̀kadà.

O ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni ọmọ, ìwọ ni baba. Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ní kọ̀wé fún ìgbà díẹ̀.

Bàbá rẹ ni mí síbẹ̀.


Liverpool,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹfà.

Bàbá mi,

Ọjọ́ kẹrin rèé, ẹ ò kọ ohunkóhun. Mo pe Màámi lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní ẹ ń sùn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ẹ ń kírun. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n tún ní ẹ ń sùn, aago méjìlá ọ̀sán sì ni.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló ń bí yín nínú, ẹ foríjì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin náà jẹ̀bi o. Ẹni tó jẹ àkàrà mẹ́rin tó ní òun ò jẹun, òróòro rẹ̀ á ti súnkì, ẹ̀rọ ò ní rí i dáadáa. Ẹ fi irọ́ bo ara yín lójú ẹni tí ẹ ní kó wò yín.

Ẹ kọ̀wé sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ láti bú mi.

Salmah.


Iléṣà,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà, 2025.

Salmah mi,

Èmi Àpìkẹ́ ni. O mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mò ń kọ lẹ́tà nínú ilé wa. Ṣùgbọ́n tí mo bá pè ẹ́ lórí fóònù, ẹkún ni màá sun, o ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Orí bẹ́ǹṣì iwájú yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo wà. Wọ́n ti gbé bàbá rẹ wọlé.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lánàá, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ikùn rẹ̀ le gan-an, ó sì wú bí ìgbà tí mo wà nínú oyún rẹ. Ó ní òun ò ní lọ sí ọsibítù kankan ní Òṣogbo, torí pé àwọn ará ọjà á gbọ́, ìbò sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Ni mo bá pe àbúrò mi Adéníyì, ó gbé mọ́tò wá láti Iléṣà. Bí a ṣe gbé bàbá rẹ dé ìlú mi nìyẹn. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló ń ká a lára.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá, Olúdayọ̀ lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ wò ó, ó ní ṣé kò sí àgbà níbẹ̀ ni. Obìnrin yẹn ò bínú. Ó tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó bi í pé, "Bàbá, ṣé nǹkan gbá yín?" Ó ní rárá. Ó tún bi í. Ó tún ní rárá.

Dókítà bá mú abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi gún un níkùn láti mọ ohun tó kún inú rẹ̀. Omi tó fà jáde kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó rí bí ewé tí wọ́n gbo, ó tún pọ́n díẹ̀. Ó gbé e sókè síbi iná. Bàbá rẹ nàgà wò ó. Salmah, ojú tó fi ń wo ẹran ló fi wò ó.

Ó ní, "Dókítà, òróòro nìyẹn. Òróòro mi ti bẹ́."

Dókítà ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Alápatà ni mí."

"Kí ló wá bẹ́ ẹ, Bàbá?"

Ó wo ògiri, ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹran ni."

"Ẹran wo?"

"Àgbò ni. Ó kàn mí."

Èmi wá la ẹnu, mo ní, "Ṣé ẹ ò tíì sọ fún wọn ni?"

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àpìkẹ́, o mọ̀?"

Mo ní, "Ta ni kò mọ̀? Ọjọ́ tó kàn yín gan-an ni ìyàwó mọ́là tó fẹ̀yìn ti ilé wa ti sọ fún mi. Gbogbo odò ẹran ló mọ̀. Wọ́n ní kí ojú má baà tì yín làwọn ò ṣe sọ ọ́."

Ó pa ojú dé.

Mo rò pé ó ti sọ ọ́ fún àwọn tó ya sìkáànì, Salmah. Mo rò pé ó ti sọ ọ́ fún ìwọ náà, àti pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń fi pa mọ́ fún mi, nítorí ìwé tí ẹ̀ ń kọ síra yín. Ó ti ń bí mi nínú. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún ẹ pé ó ń sùn.

Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ ńlá kan tó rí roboto, ó fi hàn pé àpò òróòro rẹ̀ ti ya. Dókítà ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò ní nǹkan kan, pé àwọn á yọ àpò náà, àwọn á sì fọ inú rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, ó ní kí n sọ fún ẹ pé kí o má bínú.

Iná fóònù mi ti ń lọ.

Ìyá rẹ.


Liverpool,
Ogúnjọ́, oṣù Kẹfà.

Màámi,

Fóònù yín ò lọ láti àná. Ti Bọ̀ọ̀dá Adéníyì ń dún, wọn ò gbé e. Lẹ́tà nìkan ló kù tí mo lè kọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Òróòro máa ń rọra jò sínú ikùn. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ara tó pariwo, ìdí nìyẹn tí ara Bàbá fi dà bíi pé ó yá kí ọdún tó dé. Kì í ṣe oògùn ibà ló wò wọ́n. Èèyàn lè gbé ayé láìsí àpò yẹn, Màámi. Ẹ̀dọ̀ á máa da omi rẹ̀ sínú ìfun fúnra rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bí wọ́n bá jí, torí mo mọ̀ pé wọ́n á rò pé wọ́n ti di aláàbọ̀ ara.

Lójoojúmọ́, kí n tó fi ẹ̀rọ kan ikùn àlejò tí mi ò mọ̀ rí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ, ṣé nǹkan gbá ọ? Ogún èèyàn lójúmọ́. Mo bi Bàbá mi nípa ata, mo bi wọ́n nípa ọ̀rá, mo bi wọ́n nípa àkàrà. Mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè kan yẹn. Mo fi bàtà tí wọ́n pín ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n ra àgbò ńlá.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi.

Salmah.


Iléṣà,
21/6.

Ó ti jí. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé dókítà ò jẹ́ kí ìyókù òróòro kán síbi ẹ̀dọ̀.

Àpìkẹ́.


Iléṣà,
2/7/2025.

Salmah, ọmọ mi,

Al-hamdulilláhì. Ilé Adéníyì ni mo wà. Rọ́bà tí wọ́n fi sí ìhà mi, tó ń fa ìdọ̀tí jáde, wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ Móńdè. Ẹyinjú mi ti ń funfun padà. Ìyá rẹ ń fún mi ní ẹ̀bà tó tó àtàǹpàkò, ó ní dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹ, torí pé gbogbo ayé ti sọ ọ́ tán. Ọjọ́ tí àgbò dé, mo fẹ́ yà á ní fọ́tò fún ẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìwo rẹ̀ lè hàn dáadáa. Ohun tí mo rí kẹ́yìn lójú fóònù ni iwájú orí rẹ̀. Orí ilẹ̀ ni mo ti jí sáyé, mi ò lè mí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹnì kankan, mo dìde, mo gbọn aṣọ mi. Mo gbà pé Ọlọ́run nìkan ló rí mi. Mi ò mọ̀ pé ìyàwó mọ́là ń sá aṣọ.

Ìwọ rò pé ìtìjú ìbò ló pa mí lẹ́nu mọ́. Ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó o wà ní kékeré, tí mo bá mú ẹ lọ sí odò ẹran, o máa ń dúró sẹ́yìn mi, o máa ń di agbádá mi mú, o ní kò sí màlúù tó lè ṣe nǹkan kan fún ẹ bí mo bá wà níwájú. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé àgbò gbé mi ṣubú. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fà á ya.

Dókítà Olúdayọ̀ fi àpò yẹn hàn mí nínú ìgò. Kékeré báyìí, ó sì ya ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, ó mọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ pé mo ní ṣé kò sí àgbà níbẹ̀. Mo wá ní bí iṣẹ́ ọsibítù bá sú u, kó wá sí odò ẹran, èmi ni màá gbà á. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ká ní ẹ ti sọ òótọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ bi yín, ǹ bá má fi abẹ́rẹ́ gún yín kí n tó mọ̀."

Wọ́n ti dìbò. Èmi ni mo wọlé. Waliyullah fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún mi ní ọsibítù, ó gbé mílíìkì àti Kùránì kékeré dání. Ó ní òun ti yẹ̀ fún mi kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé ṣé torí pé ó rò pé mo fẹ́ kú ni. Ó ní rárá. Ó ní, "Alhaji, ẹni tí àgbò kàn bẹ́ òróòro rẹ̀, tó tún dìde lọ́jọ́ ọdún, tó pa á, tó yọ òróòro tirẹ̀ láìta sílẹ̀. Ta ni yóò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ du ipò?" Ohun tí mo fi pa mọ́ ni wọ́n fi dìbò fún mi. Ká ní mo tètè sọ ọ́, ǹ bá ti wọlé láì sí iṣẹ́ abẹ.

Ara mi ti le. Má da ara rẹ láàmú láti wá, iṣẹ́ rẹ ṣe pàtàkì. Ojú abẹ náà ò tó nǹkan.

Bàbá rẹ,
Mùyídéènì, alága ẹgbẹ́ alápatà.


Liverpool,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Keje.

Bàbá mi, Alága,

Ẹ kú oríire. Ẹ kú ewu.

Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí ni màá balẹ̀ sí Èkó, Bọ̀ọ̀dá Adéníyì ló máa wá gbé mi. Màámi ti mọ̀, mo sì ti ní kí wọ́n fi kún ẹ̀bà yín díẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ pé ara yín ti le. Ẹ kọ ọ́ pé ojú abẹ ò tó nǹkan. Bàbá, mi ò ní gba ìwé gbọ́ mọ́. Bí mo bá wọlé, kí ẹ tó ní kí n jókòó, kí ẹ tó bi mí bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ kàn gbé ẹ̀wù yín sókè, kí n fi ọwọ́ ara mi kan ibẹ̀.

Ọmọ yín,
Salmah.